Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Akika Inú Àpò Ìrẹsì àti Gẹdú Tó ń Kọjá Lóru

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa bí igbó ọba tó wà ní agbègbè Ìdànrè ṣe ń tán lọ ni lẹ́tà ti ń wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè ohun kan náà: kí ni ará ìlú lè ṣe tí ọwọ́ òfin yóò fi tẹ àwọn tó ń pa ẹranko tó ti ṣọ̀wọ́n àti àwọn tó ń jí igi gé? Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà la mú lóṣù yìí.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ti Oǹdó bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a sì dé ìtòsí Àpónmú, ọmọkùnrin kan na àpò ìrẹsì sí mi lójú fèrèsé ọkọ̀. Akika ló wà nínú rẹ̀, ó ká jọ bí òṣùká, ó ṣì ń mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo san owó rẹ̀, mo sì lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó. Àbúrò mi ní ńṣe ni mo ran àwọn aṣebi lọ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Obìnrin oníṣòwò kan, Ọ̀bà-Ilé)

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, òótọ́ ni àbúrò yín sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ọmọkùnrin tó na àpò náà sí yín kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ tú ẹran náà sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé akika tà wéré láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà yóò tún dẹ okùn rẹ̀ lálẹ́. Òfin pẹ̀lú kò bi ẹni tó ra ẹran pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Òfin àpapọ̀ tó dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1985, fòfin de ọdẹ àti òwò pa pọ̀ lórí àwọn ẹranko tó wà nínú àtòkọ rẹ̀ kìíní, tí akika wà lára wọn, àti ẹni tó tà àti ẹni tó rà ló sì wà nínú òwò. Nígbà tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni owó ìtanràn. Kí ọdún 2016 tó dé, owó yẹn kò já mọ́ nǹkan mọ́. Àtúnṣe ọdún 2016 ló gbé e dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ní ọdún 2016 yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, tí Nàìjíríà wà lára wọn láti ọdún 1975, fẹnu kò ní ìlú Johannesburg pé òwò akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn di èèwọ̀ pátápátá.

Ohun tó mú kí akika yàtọ̀ sí ọ̀yà tàbí òkété ni pé ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ á sì pọ̀n ọ́n sí ìdí ìrù kiri. Èèrà àti ikán nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi gbágùúdá bọ́ ọ nínú ilé. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá. Yóò ká ara rẹ̀ jọ ni, ìpẹ́ rẹ̀ yóò sì le bí apata. Ìyẹn ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ènìyàn, bí ìgbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mú àgbọn tó já bọ́ sílẹ̀ ni. Ìpẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ pa á yìí, ohun tí èékánná ọwọ́ wa fi ṣe ara náà ni òun náà fi ṣe ara.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má sanwó, ẹ má sì bá ọmọ náà jà. Ẹ fi ojú sàmì sí ibi tí ó dúró, ẹ kọ aago sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò bí kò bá ní fa wàhálà, kí ẹ sì lọ sọ fún àjọ NESREA tó ń mójú tó òfin àyíká, tàbí ẹ̀ka igbó nílé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Yunifásítì FUTA tó wà nítòsí yín náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹranko igbó, wọ́n á mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹran tó farapa.

Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé wọn kì í dáhùn. Èmi náà ti pe ọ́fíìsì kan rí nípa ìjàpá ńlá kan tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹni tó gbé fóònù sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun fi ẹran ìgbẹ́ ṣe. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, mo gbé e lọ fúnra mi, mo sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ohùn orí fóònù rọrùn láti gbàgbé, ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni ọ̀gá máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ lèmi náà. Àwa ni wọ́n ń lé kiri nínú igbó. Àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun ńkọ́, ta ló ń mú wọn? (Ọdẹ kan, Ìdànrè)

Bàbá, ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn aṣọ́bodè Singapore ṣí kọ̀ǹténà méjì tó ti Nàìjíríà lọ sí Vietnam, ìpẹ́ akika tó wà nínú wọn sì lé ní tọ́ọ̀nù 25. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè tiwa gba tọ́ọ̀nù 8.8 ìpẹ́ akika àti ẹ̀yà ara àwọn ẹranko mìíràn ní èbúté Àpápá. Nígbà tí ọdún náà fi máa dàgbà, wọ́n já wọ ibì kan ní Lekki, wọ́n bá tọ́ọ̀nù 17 ìpẹ́ akika àti ehín erin níbẹ̀, wọ́n sì mú àwọn àjèjì mẹ́ta. Kò sí ọdẹ kan tó lè fi ìbọn ṣakabùlà kó ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹnìkan ní láti máa rà á ní díẹ̀díẹ̀ láti abúlé dé abúlé, ẹnìkan ní láti san owó ilé ìkẹ́rùsí, ẹnìkan sì ní láti kọ irọ́ sínú ìwé ẹrù ní èbúté. Àwọn wọ̀nyí ni òfin wa kì í sábà bá. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú àpò kan ni wọ́n máa ń gbé lọ sí kóòtù, wọn kì í bi í ta ló rán an níṣẹ́.

Èyí ni mo fi rò pé ọ̀rọ̀ owó ló yẹ kí àwọn agbófinró máa tọpasẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìbọn lọ. Ètò ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn nípa ẹranko àti igbó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, sọ bẹ́ẹ̀. Àbá òfin tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá fọwọ́ sí ní ọdún 2025 tún lọ jìnnà jù ú lọ, nítorí ó fún àwọn olùwádìí lágbára láti yẹ ìwé owó àwọn afurasí wò, ó sì fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 síbẹ̀.

Síbẹ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ìka kan kan ẹ̀yin náà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2025 nípa àwọn ọdẹ ìpínlẹ̀ Cross River fi hàn pé torí ẹran jíjẹ ni ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń mú akika, wọ́n á sì da púpọ̀ nínú ìpẹ́ rẹ̀ nù. Èyí túmọ̀ sí pé bí gbogbo àjèjì bá tilẹ̀ kó ẹsẹ̀ wọn kúrò ní Lekki lọ́la, ìkòkò ọbẹ̀ tiwa náà ṣì wà lórí iná. Ẹ̀yin ọdẹ lẹ mọ ipa ẹsẹ̀ àjèjì nínú igbó yín ju fọ́rẹ́sítà kankan lọ. Bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá fúnra rẹ̀ ka akika sí èèwọ̀, tí wọ́n sì dárúkọ àwọn alágbàtà tó ń wá rà á, ìyẹn á ju ọgọ́rùn-ún ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Ọkọ̀ gẹdú máa ń kọjá níwájú ilé wa láàárín òru. Báwo la ṣe lè mọ èyí tí wọ́n jí gé? (Olùkọ́ kan, Oǹdó)

Ẹ wo orí igi náà. Igi tó ti igbó ọba jáde bó ṣe yẹ máa ń ní àmì òòlù tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó fi lù ú, kùkùté rẹ̀ nínú igbó á sì ní àmì pẹ̀lú. Ẹni tó bá sanwó igi rẹ̀, kí ló dé tó fi ń dúró de òru? Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni igbó ọba wà, kì í ṣe ti àpapọ̀, nítorí náà Alágbàká ni kí ẹ kọ̀wé sí, ẹ sì lè fi tó Àmọ̀tẹ́kùn létí. Nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, aago àti ibi tí ó dojú kọ ti tó. Ẹ má dá ọkọ̀ dúró o, olùkọ́ kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ọ̀pọ̀ kì í kà á sí olè: oko kòkó tí wọ́n ń dá sínú igbó ọba. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 kò ní wọ ọjà wọn. Ẹni tó gé igbó Ìdànrè tàbí ti Olúwà láti gbin kòkó lọ́dún tó kọjá lè kórè tán kí àwọn oníbàárà máa bi í pé níbo ni oko rẹ̀ wà gan-an.

Mo ń se oúnjẹ tà ní Àkúrẹ́, àwọn oníbàárà mi sì fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́. Èwo ni kí n má sè? (Olóúnjẹ kan, Ọjà Ọba)

Akika àti ọ̀bọ, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀yà tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé ti wà báyìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín. Ẹ má bẹ̀rù pé ọjà yóò kú: ní ọdún 2014 tí Ẹbólà dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ láìsí ọlọ́pàá kankan, ẹja àti ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń rà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè akika lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un pé ẹ kì í tà á, ẹ má sọ pé ó tán ni.