Wọ́n sùn nínú sàréè kan, ṣé wọ́n bára tan?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé bí wọ́n bá hú egungun obìnrin àti ti ọmọdé nínú sàréè àtijọ́ kan, ṣé ìyá àti ọmọ ni? Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó ya ará Ọ̀yọ́ lẹ́nu: nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń sin òkú sí yàrá, ìyàwó ilé lè sùn ti ọmọ orogún rẹ̀. Ní Sunghir, ní Rọ́ṣíà, wọ́n sin ọmọdékùnrin méjì ní oríkorí ní nǹkan bí 34,000 ọdún sẹ́yìn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ń pè wọ́n, àfìgbà tí DNA, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara, fi hàn ní 2017 pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í sì í ṣe ọbàkan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi DNA mọ̀ bóyá wọ́n bára tan, ojú ihò tí ẹ ti ń hú egungun ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán gbé egungun ti fi DNA tirẹ̀ kún un. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ẹ lo ìbomú, kẹ́ ẹ sì bo irun. Ẹ má fomi fọ egungun, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ibòji ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ti gbẹ. Egungun líle tó yí inú etí ká, nísàlẹ̀ agbárí, ló ń pa DNA mọ́ jù. Bí egungun èèyàn púpọ̀ bá ti dà pọ̀, ti etí òsì nìkan ni kẹ́ ẹ mú lára gbogbo wọn. Bí ẹ bá mú òsì àti ọ̀tún ẹnì kan láìmọ̀, èsì á ní ìbejì tó jọra délẹ̀ ni. Ìyẹ̀fun egungun nǹkan bí 50 mílígíráàmù ti tó. Ẹ rọra fi ẹ̀rọ lu ú, torí ooru ẹ̀rọ ń ba DNA jẹ́.

Ooru àti òjò wa náà ń bà á jẹ́. Ihò àpáta Shum Laka ní Kamẹrúùnù wà lórí òkè tó tutù, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí DNA ọmọdé mẹ́rin níbẹ̀. Ní ilẹ̀ bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dán ẹyọ kan wò kẹ́ ẹ tó lu ìyókù.

Ó wá ku èsì. DNA mitokọ́ńdíríà, èyí tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kò sọ ẹni méjì di ọmọ ìyá: ìyá-ńlá tó ti kú tipẹ́ lè so wọ́n pọ̀. Gbogbo DNA ni kẹ́ ẹ fi wéra. Òbí àti ọmọ pín ìdajì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá náà pín ìdajì. Àmọ́ ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní níbi kọ̀ọ̀kan lára DNA, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá: òbí àti ọmọ bára mu lẹ́yọ kan níbi gbogbo, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bára mu ní méjèèjì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, tí wọn kò sì bára mu rárá ní ìdá kan nínú mẹ́rin mìíràn. Àwọn tó pín ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dani láàmú: bàbá àgbà, àbúrò bàbá, ọbàkan, iye kan náà ni. Ọjọ́ orí tí olúkúlùkù kú lè bá yín yà wọ́n. Bí ará ìlú bá sì ń fẹ́ra wọn, àjèjì méjì á jọ mọ̀lẹ́bí, nítorí náà ará ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ wo ibojì Hazleton North ní Ìlú Ọba, nǹkan bí 5,700 ọdún sẹ́yìn. Nínú èèyàn 35, 27 jẹ́ ẹbí kan, ìran márùn-ún, láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́rin. Bí ìdí-igi ni wọ́n ṣe pín in: ìran obìnrin méjì ní gúúsù, ti méjì yòókù ní àríwá pàápàá. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá wọn wà nínú ẹbí ṣùgbọ́n tí bàbá wọn kò sí, ó jọ pé ọmọ tí obìnrin gbé wọlé ọkọ ni wọ́n. Bí ẹ ò bá ya àwòrán ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan wà kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ ò lè rí irú èyí.