Iṣẹ́ abẹ orúnkún màmá yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè bóyá kí wọ́n fi kámẹ́rà (irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti ihò kékeré kì bọ inú orúnkún) fọ inú orúnkún màmá yín ni àbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ pátápátá, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí lèmi náà wà, wọ́n ti pààrọ̀ tọ̀tún fún mi, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ẹ́sírè ẹ̀ ní ìdúró ná, torí ìgbà téèyàn bá gbára lé ẹsẹ̀ ni àyè tó kù láàárín egungun méjèèjì máa ń hàn. Tí kerekere ibẹ̀, ìyẹn ohun rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun kan egungun, bá ti jẹ tán, tí egungun ń ha egungun, kámẹ́rà ò lè dá a padà, ẹ má náwó sí i rárá. Kerekere tó ya tó wá há orúnkún tí ò jẹ́ kó nà, tàbí iṣan tó já fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni kámẹ́rà wúlò sí. Ẹni tí ò tíì dàgbà púpọ̀, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ló jẹ, wọ́n lè gé egungun ojúgun ẹ̀ kí wọ́n tún un tò kó tọ́. Tèmi ti kọjá gbogbo ìyẹn. Wọ́n gúnbẹ́rẹ́ sí mi lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ mi kú, wọ́n gé orí egungun méjèèjì, wọ́n fi irin bò wọ́n, wọ́n fi rọ́bà líle sáàárín.

Àmọ́ físíò, ìyẹn eré ìmárale tó ń mú orúnkún padà bọ̀ sípò, niṣẹ́ gan-an o! Kíá ni wọ́n ti ní kí n dìde lórí wọ́kà (irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin téèyàn ń dì mú rìn), omi ń bọ́ lójú mi. Nílé, màá jókòó sórí àga, màá tẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè máa yọ̀ nílẹ̀, màá fẹsẹ̀ fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi le, màá dá a dúró síbẹ̀, màá tún tì í síwájú, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún wọn, bó ti wù kó tù wọ́n lára tó, á gan síbẹ̀ ni, abẹ́ gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ ká táwẹ̀lì sí kó lè nà. Tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn wọ́n, tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kí wọ́n sì tọ́jú eyín tó bá ń jẹrà, torí kòkòrò ibẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá irin yẹn.

Ìkúnlẹ̀ ló dùn mí jù. Dókítà mi ní kò ní ba irin jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ yẹn ṣì kú tipiri, tí mo bá kúnlẹ̀ kò bá mi lára mu, nítorí náà mo máa ń tẹ̀ ba ni tí mo bá fẹ́ kí àgbà, àwọn tó mọ̀ mí ò sì bínú. Tó bá jẹ́ ṣálángá ni wọ́n ń lò, ẹ wá èyí tí wọ́n lè jókòó sí kí wọ́n tó tọsibítù dé.

Ẹ lọ sí LAUTECH Teaching Hospital tàbí ọsibítù Yunifásítì Bowen, Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni méjèèjì wà, ẹ ní dókítà eegun lẹ fẹ́ rí. Tí ẹ́sírè bá ti jáde, ẹ kọ ohun tí wọ́n rí síbí, màá dá yín lóhùn.