Kámẹ́rà 16 ti ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa sẹ́yìn: kí la lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé kámẹ́rà 16 sí ọ́fíìsì yín ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fà, ọ̀gá sì ti ní kí ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìyẹn. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe, mo sì ti dé ibi tí olè ti jà tó jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ rẹ̀ nìkan la rí nínú fídíò.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ẹrù náà ń gbà. Láti kámẹ́rà dé NVR (àpótí tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀), inú ilé ni. Kò kan dátà tí ẹ ń rà. Dátà ń lọ nígbà tí ẹnì kan bá ń wò ó láti ìta, tàbí tí àwòrán bá ń lọ sí cloud (ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì). Ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, fóònù ọ̀gá gan-an ló ń jẹ dátà: main stream (fídíò tó mọ́ jù, tó sì wúwo jù) ló fi ń wo gbogbo kámẹ́rà láti ilé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. A yí áàpù rẹ̀ sí sub stream (ẹ̀dà fídíò kan náà tó fúyẹ́), ara sì tu gbogbo wọn. Kámẹ́rà kan tó ń lo megabit 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gbé nǹkan bíi gigabyte 43 láàárín wákàtí 24. Sub stream oníkilobit 512 kò ju gigabyte 5 ààbọ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ inú ilé ló ti ń fà, megabit 64 ni kámẹ́rà 16 bẹ́ẹ̀ ń gbé. Tí wáyà onímegabit 100 kan ṣoṣo bá ń gbé ìyẹn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, kò lè rọrùn. Ẹ fún àwọn kámẹ́rà ní switch (àpótí tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tiwọn tó lọ tààrà sí NVR. VLAN (sẹ́tíńgì tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) dára fún ààbò, àmọ́ kò ní kí wáyà kan náà fẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí H.264 sí H.265 (ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́) tí NVR yín bá gbà á. Ó lè dín ẹrù kù tó ìdajì láìba àwòrán jẹ́. Ẹ dín àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kù sí 12 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Níbi tí wọ́n ti ń ka owó, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ọwọ́ ń yá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ máa gbà á sílẹ̀ nígbà tí nǹkan bá mira nìkan. Hard disk nìyẹn ń ràn lọ́wọ́. Kámẹ́rà ṣì ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí NVR láìdákẹ́.

Èyí tí wọn kì í kà sí ni òkùnkùn. Lálẹ́, àwòrán máa ń kún fún àmì wínniwínni, kámẹ́rà á sì rò pé gbogbo ibẹ̀ ló ń mira, ẹrù á wá pọ̀ sí i. Òwú aláǹtakùn àti kòkòrò tó ń fò níwájú iná infrared (iná tí ojú wa kò rí, tí kámẹ́rà fi ń ríran lókùnkùn) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù kan lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì máa nu ojú kámẹ́rà, ti yanjú ohun tí sẹ́tíńgì kò lè yanjú lójú mi.

Orí kámẹ́rà kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bitrate rẹ̀ (iye dátà tó ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ́sàn-án àti lóru, ẹ padà wo fídíò náà. Tí ẹ bá ṣì lè dá ojú èèyàn mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ṣe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀.