Oògùn tanwíjí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi wo lẹ fẹ́ dà á sí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Kubwa ní Àbújá pé ṣé òótọ́ ni pé oògùn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe ń dín ẹ̀fọn kù, àti pé ṣé kí ẹgbẹ́ àwọn onílé yín dáwó jọ láti rà á sínú gọ́tà, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Gwagwalada ni mò ń gbé, nítòsí odò Usuma, ó sì ti pẹ́ tí èmi àtàwọn ará àdúgbò wa ti ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn téèyàn ń dà lẹ́ẹ̀kan kó wá lọ sùn.

Bti lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ìyẹn Bacillus thuringiensis israelensis. Aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí i ní 1976, nínú adágún kékeré kan tí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ṣì ń gbé inú omi, ti kú lọ bẹẹrẹ. Bakitéríà yìí máa ń ṣe èròjà líle kan sínú ara rẹ̀. Tí tanwíjí bá gbé e mì mọ́ oúnjẹ, inú ìfun rẹ̀ ló ti máa yọ́, torí pé omi inú ìfun tanwíjí dà bí omi eérú, kò kan bíi ti inú tiwa. Ibẹ̀ ni májèlé ti ń jáde, tó sì ń dá ìfun náà lu. Inú ẹja, àkèré, adìẹ àti èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pa wọ́n lára. Oríṣi májèlé tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èyí ló jẹ́ kó ṣòro gan-an fún ẹ̀fọn láti mọ́ra sí i bí wọ́n ṣe ń mọ́ra sí oògùn ìfínlé. Ìgbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn inárun, èyí tó ń fọ́ni lójú létí odò, Bti wà lára ohun tí wọ́n dà sínú àwọn odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti pa ìdin kantíkantí tó ń tàn án kálẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé lánàá.

Ẹ̀fọn tó ti ń fò, kò ní í pa á. Tanwíjí tó ti ká kò, tó kù díẹ̀ kó hu ìyẹ́, kò ní í pa ìyẹn náà, torí pé kì í jẹun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ará àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn, ẹ̀fọn á ṣì máa jáde lára omi yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tí wọn ò bá sì tíì ṣàlàyé fún á ní wọ́n ti fowó òun jóná.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba sùúrù. Ẹ̀fọn tó ń han-in létí yín láti ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń ti sọkawé àti gọ́tà tó ń rùn wá. Wọ́n ń yọni lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ló ń gbé ibà kiri. Oríṣi ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé ibà, omi tó mọ́ tí oòrùn ń pa ló sì fẹ́ràn jù: ojú ẹsẹ̀ màlúù tí òjò rọ sí, ipa táyà lójú ọ̀nà tí wọn ò tíì dà ọ̀dà sí, ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n pa tì, ibi tí páìpù ti bẹ́, etí odò tó ń fà. Kì í ṣe pé kò lè dé ibi ìdọ̀tí rárá o, ní àwọn ìlú ńlá ó ti ń kọ́ ọ. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú lásán pín in. Ẹ ra ìgbákọ funfun, ẹ lọ bù ú wò.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ dúró níbi tí òjìji yín kò ní í ti bọ́ sójú omi, torí tanwíjí á rì sísàlẹ̀ tó bá rí òjìji. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìgbákọ bu ojú omi díẹ̀díẹ̀, lápá ibi tí koríko wà, kẹ́ ẹ wá dúró kó rọlẹ̀. Tí tanwíjí bá na ara rẹ̀ gbalaja lójú omi, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè, Anopheles nìyẹn. Tó bá dorí kodò, tó jẹ́ pé ìdí nìkan ló fi kan ojú omi, ti sọkawé nìyẹn. Nílé àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ọjà wa, ihò kan wà tí wọ́n ń tọ́jú omi sí, omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí yanrìn nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Ìgbákọ kan tá a bù níbẹ̀, wọ́n na gbalaja sínú rẹ̀ kítikìti, àwọn ọmọ tó ń sùn sínú ilé tó kángun sí i sì ni ibà kì í fi lọ́rùn sílẹ̀. Gọ́tà dúdú tó wà níwájú ilé kan náà, ẹyọ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fàdámà tún yàtọ̀. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò ń gbẹ́ kànga kéékèèké sáàárín ebè, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ kan omi wọn láìgbàṣẹ. Ọ̀dọ̀ Mai gari, ìyẹn baálẹ̀ ibẹ̀, la kọ́kọ́ lọ, ká tó lọ bá àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ̀fọ́ á rọ. A sọ fún wọn pé ìbátan bakitéríà yìí làwọn àgbẹ̀ kárí ayé ń fọ́n sára ẹ̀fọ́ nítorí kòkòrò tó ń jẹ ewé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó wọn. Bàbá àgbà kan, Alhaji, ló ní ká gbé garawa wá, ó da ẹja wẹ́wẹ́ àti tanwíjí pọ̀ sínú rẹ̀, ó ní ká da oògùn wa sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, tanwíjí ti rì sísàlẹ̀ garawa, wọn ò mira mọ́. Látìgbà náà, Alhaji fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí wa tá a bá pẹ́.

Torí pé pípẹ́ ni ìṣòro. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Oòrùn sì máa ń ba Bti jẹ́, ó tún máa ń rì mọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ń padà sídìí omi kan náà, ìrọ̀lẹ́ la sì fẹ́ràn láti fọ́n ọn. Èyí tó jẹ́ wóró la máa ń lò níbi tí koríko bá ti bo omi, kó lè là á kọjá. Sọkawé ní tiẹ̀ gba bakitéríà mìíràn tó jẹ́ ìkejì Bti, Lysinibacillus sphaericus, tó ń pẹ́ jù nínú omi ìdọ̀tí. Tí agbára yín ò bá gbé méjèèjì, ẹ fi sọkawé sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín November sí March, nígbà tí omi kò pọ̀ níta. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2012 pé ibi tí omi ẹ̀fọn bá kéré níye, tí kì í ṣí kiri, tó sì rọrùn láti rí ni irú oògùn yìí yẹ fún. Tí òjò bá ti dé, gbogbo ojú ẹsẹ̀ màlúù ló di adágún, kò sí ẹgbẹ́ onílé tó lè lé gbogbo rẹ̀ bá.

Ní ti rírà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹnì kan ti ta èyí tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù gbígbóná fún wa rí, tanwíjí ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ ni. Látìgbà náà, a kì í fọ́n oògùn kankan láìkọ́kọ́ dán an wò: abọ́ méjì, tanwíjí nínú méjèèjì, oògùn nínú ọ̀kan. Ó yẹ kí èyí tó wà nínú oògùn ti kú tó bá di ọjọ́ kejì. Tí wọ́n bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ má lò ó, kẹ́míkà mìíràn ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ má sì gba ti ẹni tó ní kẹ́ ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúdú sómi. Omi táwọn màlúù ń mu ni, òun náà ni wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ.

Tánkì omi mímu, ẹ dé e dáadáa. Ẹ̀fọn ibà kan tó wá láti Éṣíà, Anopheles stephensi, fẹ́ràn inú tánkì àti dúrọ́ọ̀mù, wọ́n sì ti rí i ní Nàìjíríà ní 2020. Bti wà tó ṣeé lò nínú omi mímu, àmọ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí bẹ́ẹ̀, nìkan ni. Èyí tẹ́ ẹ rà fún kòtò, ẹ má gbé e sún mọ́ tánkì.

Nẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀fọn ń fò wá láti àdúgbò tí wọn ò ti fọ́n nǹkan kan, ẹ ò sì lè dí ojú ọ̀run.

Owó tẹ́ ẹ fẹ́ dá yẹn, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí oògùn. Ẹ kọ́kọ́ ra ìgbákọ àti bàtà òjò, kẹ́ ẹ wá ọ̀dọ́ méjì tẹ́ ẹ máa fún lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n kọ gbogbo omi tí wọ́n bá rí sílẹ̀, èyí tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe dùbúlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá rí síbí, a ó jọ ṣírò bí oògùn tẹ́ ẹ nílò ṣe máa tó.