Èsì: Kíkọ́ ọmọdé láti wọn gígùn àti láti ya gíráàfù

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ ní àwọn ọmọ kíláàsì kejì yín máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti orí 1 lára rúlà, gíráàfù, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye hàn, kò sì yé wọn.

Ẹ gbé rúlà tì ná. Ẹ ní kí wọ́n fẹsẹ̀ wọn kíláàsì láti ògiri dé ògiri, kí ẹ̀yin náà fi tiyín wọ̀n ọ́n. Iye yín kò ní dọ́gba, àwọn fúnra wọn ni yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni rúlà wúlò. Ẹ fi hàn wọ́n pé láti 0 dé 1 ni sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́, àti pé 0 kì í sábà wà létí rúlà gan-an.

Ní ti gíráàfù, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ gbìn sínú ife. Tó bá ti hù, kí wọ́n máa gé òwú tó gùn tó ẹ̀wà náà lọ́jọ́ méjì-méjì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káádìbọ́ọ̀dù, kí ẹsẹ̀ gbogbo òwú wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ìlà yìí ṣe pàtàkì gan-an: bí òwú kan bá bẹ̀rẹ̀ lókè, irọ́ ni àwòrán náà ń pa. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yà á sínú ìwé tó ní àpótí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, àpótí kan fún sẹ̀ǹtímítà 1.