Iná ẹ́ńjìnnì pa, ó tún tàn: ṣé sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná ẹ́ńjìnnì (check engine) tó wà níwájú awakọ̀ tàn nínú ọkọ̀ mi, sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù, sì gbé kóòdù P0420 jáde. Mẹkáníìkì pààrọ̀ oxygen sensor ẹ̀yìn (sẹ́ńsọ̀ tó ń wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú èéfín), ó pa iná náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó tún tàn. A pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ibi tó wà náà ló wà. Ọkọ̀ ń sáré dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ẹ̀kẹta. Ohun tí P0420 ń wí ni pé katalíìtì, ìyẹn àpótí tó ń sọ èéfín di mímọ́ lábẹ́ ọkọ̀, kò ṣiṣẹ́ tó mọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ikọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, òun ló kàn jíṣẹ́. Ká ní iná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ náà gbóná ló jó ni, kóòdù P0141 ni ẹ̀ bá rí.

Iná tí mẹkáníìkì pa kì í ṣe àtúnṣe. Ìrántí kọ̀ǹpútà ló nù. Kọ̀ǹpútà sì máa ń dúró kó rí àléébù yìí nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra kó tó tan iná padà, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin.

Páìpù èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní gbangba ìta, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ṣíná sí ọkọ̀, kí ẹnì kan fi àkísà nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tó bá ń sín, tàbí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ló ti lu. Èéfín kì í jáde gbọọrọ, ó ń ta jáde ni; láàárín títa kan sí èkejì, ihò náà á fa afẹ́fẹ́ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì rò pé katalíìtì ló ń ṣe ségesège.

Bí kò bá lu, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ dì í mú sí 2,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kẹ́ ẹ wo sìkánà. Sẹ́ńsọ̀ iwájú yóò máa fò láàárín 0.1 àti 0.9 fóòtì (volt), ti ẹ̀yìn yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ ní nǹkan bí 0.6 sí 0.7. Bí ti ẹ̀yìn bá ń bá ti iwájú fò, katalíìtì ti kú. (Àwọn ọkọ̀ kan ní irú sẹ́ńsọ̀ iwájú tí kì í fò báyìí, ti ẹ̀yìn nìkan ni kẹ́ ẹ wò níbẹ̀.)

Ṣùgbọ́n katalíìtì kì í dédé kú. Ẹ wádìí ohun tó pa á: sílíńdà tó ń mísì (tí kì í jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ), ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì, tàbí omi rédíétọ̀ tó ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Ẹ wo fuel trim náà lórí sìkánà, ìyẹn iye tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò. Bó bá kọjá 10% sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá de tuntun láìṣe èyí, tuntun náà á kú.

Ohun kan tó tún ń ba sẹ́ńsọ̀ tuntun jẹ́ ni gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù lásán tí wọ́n fi ń lẹ ẹ́ńjìnnì. Ooru rẹ̀ á bo orí sẹ́ńsọ̀ ní funfun, kò sì ní ríran mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Iná ẹ́ńjìnnì tèmi kì í tàn gbọọrọ, ó ń ṣẹ́jú ni, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n. Ṣé mo lè wà á délé?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ pa á. Sílíńdà kan kò jó epo tirẹ̀. Epo tútù yẹn ń lọ gbiná nínú katalíìtì, ó sì lè yọ́ inú rẹ̀. Bí kóòdù bá jẹ́ P0302, ìyẹn ni pé sílíńdà 2 ló ń mísì, ẹ fi kọ́ìlì (èyí tó ń fún pulọ́ọ̀gì ní iná) sílíńdà 2 pààrọ̀ ti 3. Bó bá di P0303, kọ́ìlì ni. Bí kò bá kúrò ní 2, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan injector, èyí tó ń fọ́n epo sí sílíńdà.