Ṣé ó tọ́ kí ìjọ máa bá aṣòfin sọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìní?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ìjọ àwọn ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin nítorí owó oúnjẹ àwọn tálákà. Ṣé ìjọ kò ti wọ òṣèlú báyìí? — Ìyá kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Ìyá wa. Òṣèlú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ètò SNAP, ìyẹn ètò ìrànwọ́ oúnjẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí òfin ọdún 1964 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ń fi owó sórí káàdì fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan, kí wọ́n lè fi ra ẹyin, búrẹ́dì àti ẹ̀fọ́, àmọ́ kò gba ọtí tàbí sìgá. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó dín owó náà kù. Bread for the World, ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti ebi, tí Arthur Simon, àlùfáà ìjọ Lutheran, dá sílẹ̀, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí àwọn ọmọ ìjọ kọ lẹ́tà, kí wọ́n kó o sínú igbá ọrẹ, kí wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. (Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀.) Oúnjẹ tí ìjọ ń sè fún aláìní dára, ṣùgbọ́n kò lè kárí bíi ti ìjọba láé.

Aṣòfin 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ìjọ yín àti mọ́sáláṣí àdúgbò bá jọ kọ̀wé sí tiyín, ẹ dárúkọ ètò kan pàtó, kí ẹ sì béèrè iye tí ìṣúná yà sọ́tọ̀ fún un.